Ọ̀wẹ̀ Àna ní Igbó Narína

Àwọn ìyá wa kì í gbàgbé ìkìlọ̀. Wọ́n á ní kí ọmọbìnrin sá fún ọ̀mùtí, kó sá fún ahun, kó sá fún ọkùnrin tó ń ta tẹ́tẹ́. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó rántí dárúkọ ọkùnrin tó ń wo ẹyẹ. Ibi tí wọ́n fò dá yẹn gan-an ni Fẹ́yìsayọ̀ já sí.

Ẹ bá mi wò ó ní Sátidé kan, nínú igbó kan lẹ́yìn ìlú Òsì. Bàtà gíga tó fi ń lọ òde ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ ti bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀fọn sì ń jẹ ẹ́ lọ́rùn láìsinmi. Ìdó ni òun àti Láyí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, dágbére, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà ni wọ́n ń lọ, kó lè wọn ìka rẹ̀ fún òrùka. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà tí fóònù Láyí dún. Kí Fẹ́yì tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ọkùnrin náà ti yí ọkọ̀ sí ọ̀nà Òsì.

"Narína ti ké!" Gbogbo àlàyé tó ṣe nìyẹn.

Wọ́n dé ibẹ̀, ẹyẹ ti lọ. Mùsílíù, ọlọ́kadà ará Òsì tí Láyí ti kó àrùn ẹyẹ wíwò ràn, dúró sábẹ́ igi, ó ń họ orí.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni o. Ká ní ẹ tètè dé díẹ̀ sí i ni..."

"Mo sáré!" ni Láyí jágbe mọ́ ọn. "Báwo ni kí n ṣe tún sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé kí n fò ni?"

"Ìyẹn ló kù," ni Fẹ́yì wí. "Máa hu ìyẹ́, kí n lè mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ nù pátápátá."

Bí ẹ kò bá mọ Narína, ẹ má bínú, èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹyẹ ni. Wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ikùn rẹ̀ pupa fòò, ìrù rẹ̀ sì gùn. Inú igbó dúdú ló máa ń jókòó sí láìmira, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè dúró sábẹ́ rẹ̀ kó má rí i. Láyí àti àwọn bíi tirẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù ti wá a láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì fojú kàn án. Ọdún mẹ́rin ni Láyí ti ń lé e kiri. Ó máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó máa ń rí ẹ̀ka tó ń mì lẹ́yìn tó bá ti lọ, ó sì máa ń padà sílé pẹ̀lú ìbínú. Orogún ni Fẹ́yì ń pe ẹyẹ náà.

"Láyí, alágbẹ̀dẹ á ti ti ilé o."

"Díẹ̀ sí i, Fẹ́yì. Jọ̀ọ́. Ó lè padà."

Orogún kò padà. Òjò ló dé. Wọn kò wọn ìka, wọn kò sì jẹun títí tí Láyí fi já a sílẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Nígbà tí Fẹ́yì ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ló ya wèrè nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó ń lé ẹyẹ ni, àbí ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹni tó ń lé ẹyẹ?

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹ̀bùnolúwa, àbúrò rẹ̀, ti wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Àwọn ọkùnrin mìíràn ti wá, wọ́n ti lọ, kò sì dùn ún. Láyí nìkan ló fẹ́. Ó sì fẹ́ kí bàbá òun gbé ọwọ́ lé òun lórí kí òun tó lọ, nítorí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá náà ló ń ṣe bàbá, òun náà ló ń ṣe ìyá. Kò lè kó ẹrù bá ọkùnrin bí ẹni tí kò nílé. Méjèèjì yìí ni kò fẹ́ pàdé lójú kan.

* * *

Bí wọ́n ṣe pàdé gan-an, ó yẹ kí ó ti fura. Nọ́ọ̀sì ni Fẹ́yì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìkọ̀lé, Láyí sì wá láti Ọ̀yẹ́ wá fi sólà sórí òrùlé ibẹ̀. Ọjọ́ kejì iṣẹ́ náà, Fẹ́yì gbójú sókè láti inú ọgbà, ó rí ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ lórí páànù, tó fi awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, tó kọjú rẹ̀ sí fèrèsé.

"Ìwọ ọ̀gbẹ́ni orí òrùlé yẹn! Kí lò ń wò nínú wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún?"

Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́. "Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. Ẹyẹ ni mò ń wò."

"Ẹyẹ? Ẹyẹ ń rọbí ni?"

Ó sọ̀ kalẹ̀ wéré, ó bọ́ awò náà lọ́rùn, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì fi igi kan hàn án lẹ́yìn fèrèsé náà. Fẹ́yì wò ó láti fi jẹ́rìí sí irọ́ rẹ̀ ni. Ẹyẹ kín-ń-kín kan ló rí, ó fi ẹnu tó tẹ̀ bọ inú òdòdó, àyà rẹ̀ ń dán, ó ní àwọ̀ tí Fẹ́yì kò lè dárúkọ. Abẹ́ igi yẹn ló ń gbà lójoojúmọ́ ayé.

"Yéè! Ibo lèyí ti wá?"

"Ibí ló ń gbé," ni Láyí wí. "Ẹ̀yin lẹ kì í wòkè." Ojú tó fi wo ẹyẹ náà ló fi yí padà wò ó, kò sì tètè mú un kúrò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ènìyàn wò bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní fẹ́ kó máa wo òun? Kò mọ̀ pé òun máa tò sẹ́yìn gbogbo ohun tó bá ti ní ìyẹ́ ní Èkìtì.

* * *

Ní ọjọ́ tó mú Láyí lọ fojú han bàbá rẹ̀ ní Ìpáò, ó bẹ̀ ẹ́ títí kí wọ́n tó wọlé. "Fi awò yẹn sínú ọkọ̀." Láyí fi í sínú ọkọ̀. Àṣé etí ló yẹ kí ó bá a fi síbẹ̀.

Bàbá Ògúntádé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oko kòkó ló ń mójú tó báyìí, bàbá ìjọ sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ẹni tó bá mọ àdúrà bàbá yìí, á kọ́kọ́ jẹun yó kó tó pa ojú dé. Ó gbà wọ́n tẹ̀ríntẹ̀yẹ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fi ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó gbàdúrà fún bíṣọ́ọ̀bù. Ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ Ìpáò tó wà lókè òkun. Ó gbàdúrà fún kòkó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni ohùn kan dún láti ẹ̀yìnkùlé, jẹ́jẹ́, nísàlẹ̀ nísàlẹ̀: húù-húù, húù-húù.

Fẹ́yì kò la ojú. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, má dìde. Láyí, mo bẹ̀ ọ́, má dìde.

Nígbà tí Bàbá ní "Àmín", àga àlejò ti ṣófo. Fìlà nìkan ló wà lórí rẹ̀.

Wọ́n bá Láyí lẹ́yìn ọgbà kòkó, ó na ọrùn sí igbó tó wà létí odò, ewé gbígbẹ ti lẹ̀ mọ́ agbádá tó yá wọ̀. Ó padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀wọ́ sà. Mo gbọ́ ohùn kan ni."

"Mo rò pé Olúwa la jọ ń bá sọ̀rọ̀ níbí," ni Bàbá Ògúntádé wí. Kò pariwo, èyí gan-an ló ba Fẹ́yì lẹ́rù. "Ó dáa. Máa lọ sílé, ọmọ mi. A ti mọ ara wa."

Láyí lọ tán ni bàbá wá dojú kọ ọmọ rẹ̀. "Fẹ́yìsayọ̀, ọkùnrin tó bá fi Ọlọ́run sílẹ̀ lórí àga tó lọ tẹ̀ lé ẹyẹ, lọ́jọ́ tí ìwọ bá ń rọbí, ibo ló máa wà?"

Ohun tó bí Fẹ́yì nínú jù ni pé òun náà ti bi ara òun ní ìbéèrè yẹn, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

* * *

Oṣù ń gorí oṣù. Bàbá kò ní kí wọ́n má rí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí wọ́n máa bọ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ Láyí, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tó sú Fẹ́yì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Motúnráyọ̀, tó ń ta iṣu. Nínú ìdílé wọn, bí ọ̀rọ̀ bá ti le, òun ni wọ́n máa ń rán.

"Ṣé ọmọ tó sá fún àdúrà yẹn náà ni?" Àǹtí ń to iṣu, ó ń rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe òun nìkan, jàre. Àdúrà ẹ̀gbọ́n mi yẹn, èmi náà ti fẹ́ sá fún un rí."

"Àǹtí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Ṣé o fẹ́ ẹ lóòótọ́? Pẹ̀lú ẹyẹ?"

"Mo kórìíra ẹyẹ."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o fẹ́ràn ẹyẹ."

Fẹ́yì wolẹ̀. "Mo fẹ́ ẹ, Àǹtí. Inú ń bí mi sí i lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ ẹ."

Àǹtí Motúnráyọ̀ lọ sí Ìpáò lẹ́yìn ọjà, ó padà dé pẹ̀lú ìdáhùn kan tí kò sẹ́ni tó retí. Ẹ̀gbọ́n òun ní òun kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀, òun kò fẹ́ ọtí. Ọ̀wẹ̀ lòun fẹ́. Bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe láyé ọjọ́un, tí ọkọ ìyàwó á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ní oko àna, kí àna lè fojú ara rẹ̀ rí irú ẹni tó fẹ́ gba ọmọ òun.

"Ọ̀wẹ̀? Láyé ìsinsìnyí?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ayé ìsinsìnyí náà ló ń bí ẹni tó ń sá kúrò nídìí àdúrà." Àǹtí pòṣé. "Igbó tó wà létí odò, lẹ́yìn kòkó, ni kí wọ́n ṣán. Gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ gbin kòkó tuntun síbẹ̀. Uṣẹ́ ọjọ́ kan ni, kò sì gbọdọ̀ dá dúró lágbede méjì. Bí ó bá dá dúró, ó ní ká má dárúkọ ọmọ yẹn sí òun létí mọ́."

* * *

Níwájú ṣọ́ọ̀bù Láyí ní Ọ̀yẹ́ ni Fẹ́yì ti jíṣẹ́ fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó ti ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n lè bẹ̀ lọ́wẹ̀. Láyí já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Igbó etí odò?"

"Òun ni."

"Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, Fẹ́yì. Lọ́jọ́ àdúrà yẹn. Ibẹ̀ ló ń gbé. Narína kì í gbé inú oko. Bí igbó bá ti lọ, òun náà ti lọ nìyẹn."

Ìbínú tí Fẹ́yì ti ń gbé mì láti ọdún yìí wá dé ọ̀nà ọ̀fun. "Láyí, má dà mí láàmú! Mo ti rìn nínú ẹrẹ̀ nítorí rẹ. Mo ti dá jẹun ní ọjọ́ ìbí mi nítorí rẹ. Ní báyìí, bàbá mi ti ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ẹyẹ ló tún wà lẹ́nu ọ̀nà! Bí o kò bá lè ṣán igbó nítorí ẹyẹ, sọ ọ́ níbí, kí n mọ ibi tí mo ń lọ."

Láyí wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. "Màá ṣán an."

"O kò sì ní wòkè. Bí ó bá ké, o ò gbọ́. Ìwọ àti gbogbo àwọn ẹlẹ́yẹ ẹgbẹ́ rẹ. Ojú ilẹ̀ ni kí ojú yín wà."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí, Fẹ́yì. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Mo mọ èyí tí mo fẹ́."

Ohun tó ti ń fẹ́ gbọ́ láti ọdún pípẹ́ nìyẹn. Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Ìkọ̀lé, ó wá ayọ̀ inú rẹ̀ títí, kò rí i. Ojú Láyí nígbà tó ń ṣèlérí ló ń rí. Ó dà bí ojú àwọn ẹbí aláìsàn tí wọ́n máa ń sọ fún nílé ìwòsàn pé kí wọ́n má dúró de ẹni wọn mọ́.

* * *

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kún ọkọ̀ akẹ́rù kan dé Ìpáò: àwọn tó ń bá Láyí fi sólà, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àti Mùsílíù pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́yẹ. Kò sí awò lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Àdá ló wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bàbá Ògúntádé gbé àga sábẹ́ igi obì, ó jókòó bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Àǹtí Motúnráyọ̀ àti Fẹ́yì wà nídìí iyán.

Iṣẹ́ náà lọ dáadáa ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Láyí ló wà níwájú, kò sì sinmi. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Bàbá dìde, ó rìn yí ibi tí wọ́n ti ṣán ká, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o." Àǹtí fi ìgbọ̀nwọ́ gún Fẹ́yì ní ìhà.

"O gbọ́ bí? Láti àárọ̀ kò tíì kí ẹnì kan. Ó ti ń rọ̀."

Igun kan ló wá kù, létí odò gan-an, níbi tí igi ti pọ̀ tó sì ṣókùnkùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dojú kọ ọ́ ni ohùn yẹn dún. Húù-húù.

Àdá Mùsílíù dúró lókè. Àwọn ẹlẹ́yẹ yòókù wo ojú ara wọn. Bàbá Ògúntádé náà gbọ́ ọ, ó sì na ọrùn láti orí àga.

"Ẹ ṣán igbó!" ni Láyí wí láìgbórí sókè. "Mùsílíù, ṣán igbó, mo bẹ̀ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò já geere. Àdá rẹ̀ kò dúró. Wọ́n bá a ṣán an.

Fẹ́yì gbé omi lọ fún wọn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ro ó, ojú rẹ̀ sì lọ sókè láìròtẹ́lẹ̀.

Ó wà níbẹ̀. Lórí ẹ̀ka kan tó tẹ́jú, lókè orí Láyí gan-an, ó jókòó bí ẹni tí kò sí lóko olóko. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó ń dán bí ọ̀já aṣọ ìyàwó. Nígbà tó yí padà díẹ̀, ikùn rẹ̀ hàn, ó sì pupa débi pé Fẹ́yì di ẹnu rẹ̀ mú. Ọlọ́run mi, ó lẹ́wà! Ó ti bú ẹyẹ yìí fún ọdún mẹ́rin, kò sí ẹni tó sọ fún un pé báyìí ló ṣe lẹ́wà tó. Àbí Láyí ti sọ ọ́, òun ni kò gbọ́?

Lábẹ́ rẹ̀ ni Láyí wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òógùn ń kán lára rẹ̀, ó ń ṣán igbó. Kí ó ṣáà gbórí sókè ni. Kò gbé e.

Dákẹ́, Fẹ́yì. Igun kan ló kù. Bàbá ti ní ẹ kú uṣẹ́. Bí o bá dákẹ́, wàá lọ́kọ, ẹyẹ yìí á sì lọ síbi tó bá fẹ́. Ta ló máa mọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, òun á máa wo Láyí bí ó ṣe ń lọ sí Òsì, bí ó ṣe ń lọ sí Ìdó, bí ó ṣe ń padà bọ̀ lófo, òun á sì máa bu oúnjẹ fún un, á máa sùn tì í, ẹyẹ yìí á sì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ títí ayé. Kò lè ṣe é. Ọkùnrin tó mú òun wòkè nígbà àkọ́kọ́ láyé òun!

Igbe ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Láyí! Yéè, Láyí o!"

Ó na ọwọ́ sókè. Ó ń wo ẹyẹ náà, ẹyẹ náà sì ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó na ìyẹ́, ó wọ inú òkùnkùn igbó lọ. Nígbà tí Fẹ́yì máa fi ojú wolẹ̀, Láyí ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo àdá ti dákẹ́. Ẹ̀ka ń mì.

* * *

"Ó parí." Bàbá Ògúntádé ti dìde. "Mo wí i, Motúnráyọ̀. Ẹyẹ ké, iṣẹ́ dúró. Ó fi àdá sílẹ̀, ó sáré bí ọmọ ọlọ́dún méjì. Kó àwọn èèyàn rẹ, ọ̀gbẹ́ni. O ṣeun."

Láyí dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣán. Fẹ́yì rí i pé òun ti fọwọ́ ara òun tú ohun tí òun ti ń dì láti ọdún yìí wá.

Àǹtí Motúnráyọ̀ dé pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró ná. Ta ló pariwo?"

"Ṣé o kò rí bí ó ṣe sáré?"

"Ta ló pariwo, ni mo bi yín. Ẹyẹ ké, gbogbo wa la gbọ́. Ọmọ yìí ní kí wọ́n máa ṣán igbó. Wọn ò dúró. Ìgbà wo ni wọ́n dúró? Ìgbà tí ọmọ yín figbe ta! Àna kọ́ ló da ọ̀wẹ̀ rú, ulé wa ló dà á rú. Bí onílé bá fọwọ́ ara rẹ̀ da uṣẹ́ àlejò rú, ṣé àlejò ló jẹ̀bi?"

Gbogbo Ìpáò mọ Bàbá sí ẹni tí kì í yí ẹjọ́ po. Ó padà jókòó, ó fi ọwọ́ nu orí.

"Ó dáa. Ẹ̀bi tiwa ni. Ẹ̀bi kan ni, ohun kan ni màá sì fi tán an. Fẹ́yìsayọ̀, ìwọ lo pariwo. Kí lo fẹ́? Ẹyọ kan péré."

Ẹyọ kan. Bí ó bá ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Bàbá á kó lébìrà wá parí igun yẹn. Bí ó bá ní kí wọ́n fi igbó sílẹ̀, Láyí ti lọ. Ìbínú dé sí i, ìbínú gidi, sí bàbá rẹ̀, sí Láyí tó dojú bolẹ̀, sí ẹyẹ tó lẹ́wà jù. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń ní kó yàn nígbà gbogbo?

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹrù ìyàwó mi ni mo fẹ́. Ẹ má ra ohunkóhun. Igun igbó tó kù yẹn ni kí ẹ fi ṣe ẹrù ìyàwó fún mi."

"Kí lo wí?"

"Igbó yẹn, sà."

"Àbúrò rẹ gba fìríìsà, ó gba bẹ́ẹ̀dì, ó gba ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìwọ lo fẹ́ igbó? Ṣé orí lo máa fi rù ú dé Ọ̀yẹ́ ni?"

"Ibẹ̀ ni kó wà. Ẹ ṣáà dì í fún mi."

"Ta ló ń di ẹrù ìyàwó fún ẹni tí kò lọ́kọ..." Ó dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó ti ń rẹ́rìn-ín sínú. "Motúnráyọ̀, ìwọ lo kọ́ ọ."

"Èmi kọ́ o! Ẹ̀jẹ̀ yín ló ń bá yín ṣẹjọ́."

Bàbá Ògúntádé mí kanlẹ̀. Kò dà bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. "Ẹ fi igun yẹn sílẹ̀. Mo ṣì wí i pé orí ọmọ yẹn kò pé. Ó dà bíi pé tìrẹ náà kò pé. Ẹ lọ bu iyán fún àwọn èèyàn."

* * *

Gbogbo ènìyàn ń jẹun, àwọn ẹlẹ́yẹ ń jẹun lóòró, ojú wọn wà lókè igi. Láyí nìkan ni kò sí láàárín wọn. Etí odò ni Fẹ́yì ti bá a, ó ń fọ àdá.

"Ṣé ikùn rẹ̀ pupa lóòótọ́?"

"Ó pupa."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

Fẹ́yì sọ ọ́ fún un, láti orí dé ìrù, bí ó ṣe yí padà, bí ó ṣe wo òun. Láyí fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ọdún mẹ́rin, Fẹ́yì. Ọdún mẹ́rin gbáko."

Ìyẹn ló tún tanná ran ìbínú rẹ̀. "Kí ló dé tí o kò fi wòkè? Òkè orí rẹ gan-an ló wà! Mo na ọwọ́ sí i, mo pariwo, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọkọ nù nítorí rẹ̀! Kí lò ń wò?"

"Ohùn rẹ dà bí ti ẹni tí ejò bù ṣán," ni Láyí wí. "Ìwọ ni mò ń wò. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo sáré wá. Mi ò tiẹ̀ rántí pé ẹyẹ wà láyé."

Fẹ́yì wò ó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Lẹ́yìn náà ó ká ọwọ́ rẹ̀, ó gbá a láyà, ó tún gbá a.

"Òpònú! Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wò mí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní kí o wo ẹyẹ, èmi lo wá ń wò!"

Ẹ̀rín ni, ẹkún ni, òun gan-an kò mọ̀. Láyí nu ọwọ́ tó tutù mọ́ ara ṣòkòtò, ó sì dì í mú. Bàbá Ògúntádé ń pariwo láti abẹ́ igi obì pé iyán àwọn méjèèjì ti ń tutù.